Iná Kámẹ́rà Lójú Ọ̀sán: Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdún ní Kánò

Àwa mẹ́ta tí ẹ yàn láti máa ya fọ́tò òde ẹgbẹ́ ni a dúró níwájú yín, ẹ̀bẹ̀ ni a sì fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa kan papò dà lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ wọn ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí á fi fọ́tò tí a yà wọ́n lọ́jọ́ ẹgbẹ́ ránṣẹ́, kí àwọn fi ṣe pósítà ìsìnkú. Mọ́kànlá ni a rí. Gèlè hàn, léèsì ń dán, ṣùgbọ́n ojú ìyá kò hàn nínú ọ̀kankan. Fọ́tò inú káàdì ìdìbò ni wọ́n padà lò. Ó ń dùn wá títí di òní.

Ẹ mọ oòrùn Kánò. Lóṣù kẹrin, ní nǹkan bí agogo méjìlá ààbọ̀, àtàrí gan-an ló ń dúró sí. Etí fìlà àti gèlè á ta òjìji sójú, ihò ojú á ṣókùnkùn. Aṣọ funfun wa náà tún ń tan kámẹ́rà jẹ: á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, awọ ara wa ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí i tí a ń tan iná kámẹ́rà lọ́sàn-án gangan. Àwọn kan ti ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ń tan àtùpà lójú oòrùn! Iná yẹn kò bá oòrùn jà o, inú òjìji ló ń wọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kámẹ́rà, ẹ má fi í sílẹ̀ kí ó pinnu fúnra rẹ̀, torí bó bá ti rí oòrùn, kò ní tan iná. Ẹ tẹ àmì mànàmáná tí kò ní A lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn kẹ́yìn sí oòrùn kí wọ́n má baà máa di ojú, kí ẹ sì súnmọ́ wọn: iná kékeré orí kámẹ́rà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí méje lọ nínú irú oòrùn yẹn. Bí ojú bá ń dán jù, ẹ dín agbára iná kù. Ogójì ènìyàn tó tò lẹ́nu géètì, iná kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Abẹ́ igi ni kí ẹ kó wọn lọ. Iná fóònù kò tó nǹkan lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan na aṣọ funfun síwájú wọn, kí oòrùn ta láti ibẹ̀ sí wọn lójú.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ti gèlè sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bọ́ awò dúdú.

Lónìí, a ti gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà oòrùn gbọ̀ngàn yìí, níbi tí òjìji wà lẹ́yìn agogo mẹ́rin. Kí wọ́n tó pín oúnjẹ, a fẹ́ ya gbogbo ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dàgbà jù ni kó kọ́kọ́ wá jókòó.