Ọmọláńgidi Kọ́ Ni Ààbò Wa



Àwọn kan ń sọ pé ẹni tó bá ń bá ọmọláńgidi lò pọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Ní 1993, dókítà méjì, Ellen Kleist àti Harald Moi, kọ̀wé nípa ọ̀gá ọkọ̀ apẹja kan ní Greenland. Àtọ̀sí mú un lójú òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kankan nínú ọkọ̀. Ọmọláńgidi ẹnjiníà ọkọ̀ ló yọ́ lọ lò. Ẹnjiníà náà sì ti ní àtọ̀sí tẹ́lẹ̀. Ní 1996, wọ́n fún àwọn dókítà náà ní ẹ̀bùn Ig Nobel, ayé sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Bí arákùnrin kan bá ní irú àrùn yìí láàárín wa, ṣé kì í ṣe pé a óò dójú tì í? Nítorí ìtìjú, á dákẹ́, á sì kó o ran ìyàwó rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àtọ̀sí lè wà lára obìnrin láìfi àmì hàn, kó sì sọ ọ́ di àgàn. Bẹ́ẹ̀ oògùn dókítà ń wò ó, bí tọkọtaya bá jọ gba ìtọ́jú.

Arákùnrin, bí ara bá ń fu ọ́, lọ ṣe àyẹ̀wò, kí o sì sọ fún aya rẹ. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ wàásù ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n ẹ pa àṣírí mọ́. Jésù fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.