Oòrùn, Afẹ́fẹ́ àti Ilé-Ìwòsàn Ọ̀jọ́



Ẹni tó bá ti dúró de ọkọ̀ ní Òkókómáíkò, ní Ọ̀jọ́, lọ́sàn-án gangan mọ bí oòrùn ibẹ̀ ṣe ń ta. Abẹ́ oòrùn yìí náà ni ilé-ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi wà ní Navy Town, ìjọba Èkó sì ti dáwọ́ lé kíkọ́ ilé-ìwòsàn gbogbogbòò sí Ọ̀jọ́. Wọ́ọ̀dù kì í ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́ bíi ọ́fíìsì. Tọ̀sán tòru ló ń jẹ iná.

Ìyà àìsíná kò ṣàjèjì. Ní ìparí 2024, wọ́n já iná àwọn apá kan ní ilé-ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, nítorí gbèsè. Ó lé ní 100 ọjọ́ kí iná tó padà.

Bẹ́ẹ̀, orí àwòrán ilé ni owó iná ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ògiri gígùn bá kọjú sí àríwá àti gúúsù, ògiri kékeré nìkan ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa gbá. Láti ojú òkun, ní gúúsù-ìwọ̀ oòrùn, ni afẹ́fẹ́ Ọ̀jọ́ sábà ti ń wá. Bí fèrèsé bá kọjú síra, á gba inú wọ́ọ̀dù kọjá. Kì í ṣe ìtura nìkan lèyí o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2009 pé, níbi tó bá jẹ́ fèrèsé ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan rí afẹ́fẹ́ tuntun lítà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fún àìsàn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, bí ikọ́ fée, kó tó 160. Ilé-ìwòsàn Butaro ní Rwanda, tí wọ́n ṣí ní 2011, gba ọ̀nà yìí: fèrèsé fẹ̀, fáànù ràgàjì ń yí lókè, ibùsùn sì kọjú síta.

Àwọn tó ń fún ilé ní máàkì ń wo irú nǹkan báyìí. Britain bẹ̀rẹ̀ ètò máàkì BREEAM ní 1990, Amẹ́ríkà gbé LEED tẹ̀lé e. Heritage Place ní Ìkòyí ti gba LEED. Ọ́fíìsì olówó ni, kì í ṣe wọ́ọ̀dù mẹ̀kúnnù. EDGE, tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, gbé kalẹ̀, ló bá àpò ìjọba wa mu jù: kí ilé dín iná, omi, àti èéfín kábọ́ọ̀nù tí pípèsè ohun ìkọ́lé ń tú jáde kù, ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, ẹ bi àwọn aṣojú yín: ṣé wọ́n ti gbé àwòrán ilé-ìwòsàn wa yẹ̀ wò lórí EDGE? Ibo ni fèrèsé wọ́ọ̀dù kọjú sí?