Géèmù kọ́ ni gbogbo tẹ́tẹ́: ọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kàdúná. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Aláṣọ gbé wá lánàá ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní ọmọṣẹ́ wọn ń gbá géèmù kan lórí fóònù, pé tẹ́tẹ́ ni, pé àwọn fẹ́ dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́ta péré ló kù kó gba òmìnira. Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀ ná.

Irú géèmù yẹn, Auto Chess ni wọ́n ń pè é. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ Drodo ní Ṣáínà gbé tiwọn jáde. Èèyàn mẹ́jọ ló ń gbá a pọ̀. Ẹ ó fi wúrà inú géèmù ra ọmọ ogun, ẹ ó tò wọ́n. Tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ yín ti kúrò níbẹ̀, ẹ kàn ń wòran ni. Ẹni tó bá tọ́jú wúrà mẹ́wàá máa rí èlé ẹyọ kan. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù, torí ẹni tó bá pàdánù léraléra náà ń gba wúrà kún un. Tẹ́tẹ́ wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wúrà ayédèrú ni wọ́n fi ń ta á.

Àwa náà ń kó ẹrù sílẹ̀ de Iléyá láìmọ̀ bóyá á tà. Ṣùgbọ́n tí kò bá tà, a lè dín owó ẹ̀, a lè gbé e lọ sí Kawo.

Bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ńkọ́? Ẹ ó yàn, ẹ ó wòran, àmọ́ náírà ni. Ẹ bá mi ṣírò. Ká ní apá méjì ló wà, tí wọ́n kọ 1.90 sí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ₦1,000 síhìn-ín, ₦1,000 sọ́hùn-ún. ₦2,000 jáde, ₦1,900 wọlé. Èyí tó wù kó borí, ₦100 ti di ti onítẹ́tẹ́. Tọ́mọ bá ń ṣe é lójoojúmọ́, owó ọjà ló máa kàn.

Nítorí náà, ẹ pè é jókòó, ẹ bi í pé: “Tó o bá pàdánù, kí ló ń jáde lápò ẹ?” Tó bá jẹ́ àkókò nìkan, ẹ fún un ní wákàtí tó lè fi gbá a. Tó bá jẹ́ náírà, ẹ máa ṣírò owó pẹ̀lú ẹ̀ lálaalẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù tó tì. Ẹ má tíì lé e. Ọdún tó ti fi sìn yín kì í ṣe kékeré.

Ẹni tó bá ní àfikún, kó dá sí i.