Ọmọ Wa Tí Ó Ń Ṣẹ̀wọ̀n Lẹ́yìn Odi

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ọdọọdún wa ní Kàbà)



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe èyí tí ó dùn láti sọ. Nínú ìpàdé wa, a máa ń dárúkọ ẹni tí ó gba oyè ní Yunifásítì àti ẹni tí ó kọ́ ilé, a sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá wà lẹ́wọ̀n ní Ìlú Ọba, orúkọ rẹ̀ a di èèwọ̀. Bí a bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, wọn a ní iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí ó ráyè kọ̀wé. Ìtìjú náà yé wa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé ọmọ burúkú kò ṣe é fi fún ẹkùn pa jẹ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidigidi ni àdéhùn tí ìjọba Nàìjíríà àti ti Ìlú Ọba fi ọwọ́ sí ní Abùjá, ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2014. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogí wa, Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bello Adoke, tí ó jẹ́ Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ nígbà náà, ni ó fi ọwọ́ sí i fún Nàìjíríà. Nípa àdéhùn yìí, a lè gbé ọmọ Nàìjíríà tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ti dá lẹ́bi wá sílé láti parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a lè gbé ọmọ Ìlú Ọba tí ó ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́dọ̀ wa padà sí ilẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì wá gbọ́: èyí kì í ṣe ìdáríjì. Ọdún tí ó kù nínú ìdájọ́ rẹ̀ ni yóò wá parí nílé. Ohun tí ó sì yẹ kí gbogbo ìdílé mọ̀ ni pé, bí ìjọba méjèèjì bá ti fi ohùn ṣọ̀kan, kò pọn dandan kí ẹlẹ́wọ̀n náà fúnra rẹ̀ gbà kí a tó gbé e.

Ǹjẹ́ oore ni èyí ni, tàbí ìyà? Lóòótọ́, ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ìyá tí kò lè rí ìwé ìrìnnà gbà lọ sí London lè wọ ọkọ̀ lọ wo ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ilé tí a ń pe ọmọ wá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ó wà ní Kàbà níhìn-ín, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2008, ènìyàn 200 ni a kọ́ ọ fún. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2021, nígbà tí àwọn agbébọn wá fọ́ ọ, ènìyàn 294 ni ó wà nínú rẹ̀, ilé ẹjọ́ kò sì tíì dá ẹjọ́ 224 nínú wọn. Ìjọba Ìlú Ọba pàápàá mọ̀ pé àyè kò gba àwọn ẹlẹ́wọ̀n wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n kéde pé àwọn yóò ná nǹkan bí £700,000 láti kọ́ ibùsùn 112 sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Kírìkírì ní Èkó, kí a lè rí ibi kó àwọn tí a bá gbé wá sí.

Nítorí náà, èrò tiwa nìyí: ìjọba lè gbé ọmọ dé Kírìkírì, ṣùgbọ́n ìjọba kò lè gbé e dé ilé. Láti ẹnu ọ̀nà Kírìkírì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ ní Kàbà, iṣẹ́ àwa ará ilé ni. Ẹni tí a gbé ti òkè òkun wá, tí ẹnì kankan kò yọjú sí, ògiri ni ó kàn pààrọ̀; kò tíì dé ilé.

Ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹ̀ka wa ní London máa bẹ àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́wọ̀n wò, kí wọ́n sì máa kọ̀wé sí wọn, ohun yòówù kí wọn ìbáà ṣẹ̀. Èkejì, kí ẹ̀ka wa ní Èkó yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa lọ sí Kírìkírì, tí yóò sì máa mú ìròyìn wá fún ìdílé. Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ tí ọmọ náà bá jáde, kí àwọn àgbà gbà á, kí wọ́n bá a wí, kí wọ́n sì wá ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra.

A kò wí pé kí a fi ojú fo ẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹni tí ọmọ wa lù ní jìbìtì, òun náà ní ìyá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ sì ń múra ìrìn-àjò, ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ka ọdún fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwa ará ilé tún ka ọdún tiwa lé e.

Kí Ọlọ́run pa àwọn ọmọ wa mọ́ nílé lóko. Okun o!