Àwọn Òkú Tí Fíìmù Everest Kò Kà

Fíìmù Everest, tí Baltasar Kormákur ọmọ ilẹ̀ Iceland darí, tó sì jáde ní 2015, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ 10 àti 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1996, èèyàn mẹ́jọ bá òkè Everest lọ. Fíìmù náà mọ ohun tó pa wọ́n. Àwọn tó kà mọ́ òkú ni mo ní ẹjọ́ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi. Ìjì jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago ti dá ẹjọ́ ikú kí ìjì tó dé. Rob Hall, ọmọ New Zealand, àti Scott Fischer, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kó àwọn oníbàárà gòkè láti ìhà Nepal. Owó tí Hall ń gbà lórí ẹnì kan tó 65,000 dọ́là. Nínú fíìmù, Hall ti sọ fún wọn pé bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, ibi yòówù tí oníkálukú bá dé, kó yí padà. Òfin náà nídìí. Góńgó òkè yẹn ga tó mítà 8,848. Ọ́síjìn tí èèyàn ń rí mí níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wà létí òkun. Èyí tí wọ́n gbé pọ̀n nínú sílíńdà máa ń tán. Lọ́jọ́ náà, wọn kò tíì so okùn sí àwọn ibi kan tó yẹ kó ti wà nílẹ̀, èrò wá há sójú ọ̀nà tóóró, wákàtí ń gorí wákàtí. Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin kí Fischer tó dé góńgó. Aago mẹ́rin kọjá kí Doug Hansen, oníbàárà Hall, tó dé.

Ibẹ̀ ló máa ń dùn mí jù. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni Hansen ní Amẹ́ríkà. Ní 1995, Hall ló dá a padà nígbà tí góńgó ti wà ní ìtòsí, Hall náà ló sì tún rọ̀ ọ́ pé kó padà wá. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ta ló máa wá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì fún ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó sì gbà? Hall kò lè sọ ọ́. Ó dúró tì í. Hansen kú, Andy Harris, amọ̀nà kan nínú ẹgbẹ́ Hall, tó gòkè lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ di àwátì, Hall sì bá ìyàwó rẹ̀ tó lóyún sọ̀rọ̀ lórí rédíò tí wọ́n so mọ́ tẹlifóònù kó tó kú. Kormákur kò sọ ọ́ di akọni, kò sì sọ ọ́ di òmùgọ̀. Ẹni rere tó pẹ́ jù ni a rí. Iṣẹ́ ọnà gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á. Hall, Fischer, Hansen, Harris, Yasuko Namba ọmọ Japan: márùn-ún. Mẹ́ta yòókù dà? Tsewang Samanla, Tsewang Paljor àti Dorje Morup ni orúkọ wọn. Ọlọ́pàá ẹnubodè Íńdíà ni wọ́n, ìhà Tibet ni wọ́n gbà gòkè, ìjì kan náà ló ká wọn mọ́. Ìtàn fíìmù náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹnì kan lè sọ pé fíìmù wákàtí méjì kò lè gba gbogbo ayé. Òótọ́ ni. Àmọ́ àyè wà láti mú wa dé New Zealand lọ́dọ̀ ìyàwó Hall, àyè wà láti mú wa dé Texas lọ́dọ̀ ìyàwó Beck Weathers, dókítà tí wọ́n ti kà mọ́ òkú tó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ àgọ́. Kò mú wa jókòó ti ìyàwó Sherpa kankan tó ń retí ọkọ. Àwọn Sherpa ló ń ru ẹrù, tó ń gbé ọ́síjìn, tó ń ta okùn. Ọ̀kan lára wọn, Lopsang Jangbu Sherpa, gbìyànjú láti mú Fischer sọ̀ kalẹ̀ títí kò fi ṣeé ṣe mọ́. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, yìnyín ya lulẹ̀ pa òun náà lórí òkè yẹn.

Jennifer Peedom, ọmọ Australia, ṣe ohun tí Kormákur kò ṣe. Ìtàn àwọn Sherpa ló lọ yà nígbà tí yìnyín já lulẹ̀ lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2014, tó pa òṣìṣẹ́ 16, gbogbo wọn ọmọ Nepal. Àwọn tó kù kọ̀, wọn kò gòkè mọ́ lọ́dún yẹn. Sherpa ni ó pe fíìmù rẹ̀, òun náà jáde ní 2015.

Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù: ẹ wo méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe fíìmù nípa jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹ kọ orúkọ gbogbo òkú sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú ìtàn yín.