Ta Ló Jẹ̀bi Omi Odò Bẹ́núè?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìdànrè

N kò ní pẹ́ lórí àlàyé ìbẹ̀rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí odò tó la orílẹ̀-èdè kọjá, tí wọ́n ṣe ní 1997, tó sì di òfin ní 2014, ní kí kálukú lo omi bó ti tọ́, kó má ṣe aládùúgbò rẹ̀ ní jàǹbá ńlá, kó sì sọ fún un kó tó dí odò. Ẹ̀yin amòfin ti mọ èyí. Ohun tí mo wá sọ ni pé òfin yìí kò di gbogbo ẹrù lé ẹni tó wà lókè odò nìkan lórí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ náà ní tirẹ̀ láti rù.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn tó ń sọ pé Kamẹrúùnù ló ń fi omi pa wá ti ń bá ara wa jiyàn. Dáàmù Lagdo ni wọ́n máa ń nàka sí. Láàárín 1977 sí 1982 ni wọ́n kọ́ ọ sórí odò Bẹ́núè, nítòsí Garoua, ní Kamẹrúùnù. Bí òjò bá pọ̀ tí dáàmù kún, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i, torí ìjàǹbá tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá ya ju ti omi tí wọ́n tú lọ. Omi náà á wọ Adamawa, á gba Yola àti Numan dé Makurdi, kó tó pàdé odò Ọya ní Lokoja. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo sétí odò ní Numan nílò ọjọ́ díẹ̀ láti fi kórè. Ìkìlọ̀ nìkan ló lè fún un ní ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, bí Kamẹrúùnù bá tú omi láìsọ, ó jẹ̀bi, n kò bá ẹnikẹ́ni jà sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ètò wà pé kí Nàìjíríà kọ́ dáàmù tirẹ̀ sí Dasin Hausa, ní Adamawa, láti gba omi Lagdo dúró. Ó lé ní ogójì ọdún tí Lagdo ti parí. Dasin Hausa kò tíì parí. Ní 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ariwo Lagdo sì gba ìgboro kan. Síbẹ̀, Suleiman Adamu, mínísítà ọ̀rọ̀ omi nígbà náà, sọ pé òjò tó rọ̀ nílẹ̀ wa níbí ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Kí ló wá dé tí a kò fi lè jáwọ́ nínú ẹ̀sùn kan ṣoṣo yìí? Ó ń dùn mí, nítorí bí a bá ti rí ẹni tí a máa dá lẹ́bi, a kì í béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba tiwa mọ́.

Àwọn kan á ní Kamẹrúùnù kò sí nínú àdéhùn 1997. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun àtàwa jọ wà nínú Àjọ Odò Ọya tó fìdí kalẹ̀ sí Niamey, èyí tó ní ìwé òfin omi láti 2008. Kamẹrúùnù tún wọ àdéhùn mìíràn lórí omi tó la orílẹ̀-èdè kọjá, tí wọ́n ṣe ní 1992, ní ọdún 2022, Nàìjíríà sì tẹ̀ lé e ní 2023. Àwọn mìíràn á ní òfin tí kò ní ọlọ́pàá kì í ṣe òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: ní 1895, Harmon, agbẹjọ́rò àgbà Amẹ́ríkà, sọ pé òfin kankan kò ní kí orílẹ̀-èdè òun fi omi Rio Grande sílẹ̀ fún Mẹ́síkò. Ní 1906, láìsí ọlọ́pàá tó fipá mú un, Amẹ́ríkà kan náà fọwọ́ sí àdéhùn láti máa fún Mẹ́síkò lómi. Nílẹ̀ adúláwọ̀ níbí, àdéhùn ló mú kí Málì, Sẹ̀nẹ̀gà àti Moriténíà jọ ni dáàmù Manantali.

 

Dasin Hausa ni ẹrù tiwa. Ẹ̀yin aṣòfin tó wà níjokòó, nígbà tí ìṣúná tó ń bọ̀ bá dé iwájú yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún Dasin Hausa, kí ẹ sì wá sọ fún wa.