Kọ̀ǹpútà Tí Yóò Gba Fídíò Wa Là: Ohun Tí A Rà àti Ohun Tí A Kò Rà

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin bá ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún

  

Ẹ rántí pé nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wá sí ìpàdé, àwọn kan bi wá pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà la fẹ́ jẹ ni?" Ìbéèrè náà tọ́. Òógùn ojú la fi kó owó àjẹṣẹ́kù jọ, kì í ṣe owó tí èèyàn ń fi ṣeré. Ìdí nìyẹn tí a fi dúró níwájú yín lónìí, ká wá jíhìn.

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn dé lórí owó ìpín ọmọ ẹgbẹ́ tó bá di olóògbé. Àwọn kan ní Màmá tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ ni kó gbà á. Àwọn kan ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Màmá ti lọ sílé, a kò lè lọ bi í. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú káséẹ̀tì àjọ̀dún kẹwàá. Ta ló wá ṣì ní ẹ̀rọ fídíò nílé? A gbé káséẹ̀tì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí a kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ wọn jẹ ẹ́ lójú wa níbẹ̀. Ijó ìbẹ̀rẹ̀ bá a lọ pátápátá. Ọlọ́run ló yọ wá pé ọ̀rọ̀ Màmá wà níwájú díẹ̀. Ọjọ́ yẹn la pinnu pé a ó máa ṣe iṣẹ́ yìí fúnra wa.

Ẹ̀rọ fídíò ló ṣáájú kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré ra kọ̀ǹpútà ná. Àṣìṣe ni. Láti 1976 tí JVC ti gbé VHS jáde ní Japan, ẹ̀rọ rẹ̀ kún ayé. Ṣùgbọ́n Funai, ilé iṣẹ́ Japan tó ṣe é kẹ́yìn, dá a dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Gbogbo èyí tí ẹ bá rí báyìí, tókùnbọ̀ ni tàbí èyí tó ti pẹ́ nílé. Nítorí náà, ẹ̀rọ fídíò tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ má fi káséẹ̀tì ìgbéyàwó ọmọ yín dán an wò o! Èyí tí ẹ kò nílò mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i. Kí ẹ wo ara tẹ́ẹ̀pù láti ojú gíláàsì rẹ̀: bí funfun bá hù sí i bí èbu ara búrẹ́dì, ẹ má kì í bọ ẹ̀rọ, kò ní ba tẹ́ẹ̀pù nìkan jẹ́, yóò ba ẹ̀rọ náà jẹ́ pẹ̀lú. Ohun kan tún wà: rọ́bà kékeré kan wà lẹ́yìn káséẹ̀tì. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kò ní rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Ẹnìkan láàárín wa pàdánù ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ̀ nítorí pé àwọn ọmọdé gba bọ́ọ̀lù lé e lórí.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ fídíò ni ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àwòrán wọ inú kọ̀ǹpútà. Kò tóbi ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀. Wáyà mẹ́ta ló máa ń wọ̀ ọ́ lápá kan: èyí tó jọ ìyeyè fún àwòrán, pupa àti funfun fún ohùn. Apá kejì wọ ojú ihò USB. Òun ló pọn dandan, òun náà ló sì wọ́n kéré jù lọ nínú gbogbo ẹrù wa. Àmọ́ bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ ti MiniDV, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ihò tí wọ́n ń pè ní FireWire ni yóò nílò, kọ̀ǹpútà alágbèéká ìsinsìnyí kò sì ní in. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí èèyàn lè fi káàdì rẹ̀ sí ló máa ń rọrùn fún ìyẹn.

Kóńgò mélòó lẹ fẹ́ gbé?

Ẹ jẹ́ ká fi gààrí ṣàlàyé. Àwòrán VHS ti ọ̀dọ̀ wa, bó bá dé inú kọ̀ǹpútà, 720 ní ìbú, 576 ní òró ni, 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pè é ní kóńgò kan. Fídíò HD tí fóònù ń gbà, 1920 ní 1080, kóńgò 5 gééré ni. Ti 4K sì jẹ́ kóńgò 20. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó fẹ́ gbé kóńgò kan kò ní láti háyà tírélà. Káséẹ̀tì àtijọ́ kò nílò kọ̀ǹpútà olówó gọbọi.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ń fi fóònù gba òde báyìí, a sì fẹ́ gé ìyẹn náà. Nítorí náà a wá èyí tó wà láàárín. Ohun tí a wò nìyí:

Àkọ́kọ́, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kọ́kọ́ gbé i7 wá fún wa, wọ́n ní ó ju i5 lọ. A fẹ́ẹ̀ sanwó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa ló ní ká wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e. i7-3520M ni: 3 yẹn ló ń sọ pé ìran kẹta ni, ó ti darúgbó. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ó sì dára jù ú lọ fún iṣẹ́ yìí. Àti pé Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ní ti Intel, láti ìran kẹjọ lọ ni Windows 11 ti fọwọ́ sí. Bí tòmátì ni: èyí tó pọ́n lórí apẹ̀rẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ tú ìdí rẹ̀ wò.

Ìkejì, ráàmù. 8 GB tó fún VHS. Fún fídíò fóònù, 16 GB lára yóò ti balẹ̀. A ra oní-8 tó ní àyè fún òmíràn, ká lè fi kún un bówó bá dé.

Ìkẹta, SSD ni kó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe hard disk tó ń yí. Bí wọ́n bá ń ta kọ̀ǹpútà tókùnbọ̀ fún yín, ẹ ní kí wọ́n fi CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò lójú yín, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ihò rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó tú owó ká.

Ìkẹrin, ibi ìkẹ́rùsí. Káséẹ̀tì E-180 gba wákàtí 3. Bí a bá ní 30, wákàtí 90 nìyẹn. Bí a bá gbà á ní DV, wákàtí kan ń jẹ bíi 13 GB, àpapọ̀ rẹ̀ bíi 1,170 GB. Bí a bá gbà á ní MP4 tó dára, bíi 4 GB ni wákàtí kan, àpapọ̀ 360 GB. A yan MP4, a sì ra hard disk àgbélọ́wọ́ méjì. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Nítorí iná ọjà. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ìkejì wà nílé Akọ̀wé. Káséẹ̀tì gan-an kò sì gbọdọ̀ lọ sí ààtàn.

Iná mọ̀nàmọ́ná ńkọ́?

Kò sí bí a ṣe lè sáré iṣẹ́ yìí. Káséẹ̀tì wákàtí 3, wákàtí 3 ló máa gbà. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ fídíò kò ní. Nítorí náà a so ẹ̀rọ fídíò mọ́ inverter ọ́fíìsì. Kò jẹ iná púpọ̀.

Ní ti ohun èlò inú kọ̀ǹpútà, a kò san kọ́bọ̀. OBS Studio la fi ń gbà á wọlé, Shotcut la fi ń gé e. DaVinci Resolve náà ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tiwa kò lè gbé e dáadáa. Ká má gbé ohun tó ju agbára wa lọ.

A kò ra i7, a kò ra káàdì àwòrán, a kò ra tẹlifíṣọ̀n ńlá. Owó tó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ Akápò pẹ̀lú rìsíìtì gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá.

Ọ̀rọ̀ Màmá ńkọ́? A ti gbà á jáde, ẹ ó sì gbọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ. Màmá ní àwọn ọmọ ni kó gba owó ìpín ìyá wọn, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bá ti yọ gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé ìhà méjèèjì gbọ́ ohun kan, wọn ò kàn gbọ́ ọ parí? Ìjà tó fẹ́ tú wa ká, káséẹ̀tì ló parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù yín. Ẹ mú káséẹ̀tì wá, ẹ kọ orúkọ yín sí i lára. Ohùn àwọn tó ti lọ wà níbẹ̀, tẹ́ẹ̀pù náà sì ń darúgbó bí àwa náà ṣe ń dàgbà.

Ọjà yóò tà, èrè yóò wọlé, a kò ní fi ìbànújẹ́ gba fídíò ara wa. Àṣẹ o.